Ẹ kọ́kọ́ wọn púùlù yín: bí a ṣe ń fi gọ́gùlù onísíkírínì ṣe ìdánrawò ìlúwẹ̀ẹ́

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi gbà lọ́kàn pé mítà 2,000 ni mò ń lúwẹ̀ẹ́ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí mò ń lọ nígbà náà ní Ìlọrin ló sọ fún mi pé púùlù àwọn gùn ní mítà 25. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, títí n óò fi fọwọ́ kan ògiri ní ìgbà 80, n óò wá ṣírò rẹ̀: 80 lọ́nà 25. Nígbà tí gọ́gùlù onísíkírínì mi dé (awò ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń fi nọ́ńbà hàn nínú dígí rẹ̀), mo ní kí àbúrò mi tó ń ṣe bíríkìlà bá mi gbé téèpù gígùn rẹ̀ wá. A nà án láti ògiri dé ògiri. Mítà 18 péré! Mítà 1,440 ni mo ti ń lọ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé gọ́gùlù náà kò lè bá yín wọn púùlù. Iye tí ẹ bá kọ sí i ló máa fi ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀. Bí iye yẹn bá ti wọ́, ohun gbogbo wọ́ nìyẹn: ibi tí ẹ lọ jìnnà dé, ìyára yín, àti gbogbo ìlọsíwájú tí ẹ rò pé ẹ ní. Púpọ̀ nínú àwọn púùlù tí a ń lò ní Ìlọrin, Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, òtẹ́ẹ̀lì ló ni wọ́n, fún ìgbafẹ́ ni wọ́n sì ṣe gbẹ́ wọn. Òmíràn rí bí akèrègbè tí ìbàdí rẹ̀ fún, òmíràn rí bíi kíndìnrín. Púùlù ìdíje, mítà 50 tàbí 25 ni. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nítòsí, iṣẹ́ rẹ̀ ti fúyẹ́. Àwa yòókù gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó jẹ́, àti ẹni tó yẹ kó rà á

Gọ́gùlù ìlúwẹ̀ẹ́ ni, bí èyí tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ síkírínì kékeré kan wà nínú dígí ojú kan. Bí ẹ bá ti dojú bomi, ẹ ó rí nọ́ńbà tó dà bíi pé ó léfòó níwájú yín: àkókò, iye mítà, ìyára. Ilé-iṣẹ́ FORM, tó wà ní Vancouver lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé tirẹ̀ jáde ní 2019 ní 199 dọ́là Amẹ́ríkà. Smart Swim 2 tẹ̀ lé e ní 2024 ní 249 dọ́là, èyí sì ní ojú kékeré kan tó ń ka lílù ọkàn láti ẹ̀bátí. Ilé-iṣẹ́ FINIS náà ti ṣe tirẹ̀. Ti FORM ni mo ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí mo máa sọ bá irú gọ́gùlù bẹ́ẹ̀ gbogbo mu.

Ohun tó ń jẹ́ kí síkírínì fóònù yín yí padà nígbà tí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀, irú rẹ̀ ló wà nínú gọ́gùlù yìí. Ó ń mọ ìgbà tí orí yí láti mí, ó ń mọ ìgbà tí ara yín ta síwájú nítorí pé ẹsẹ̀ ti ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń ka àlọ. Àlọ kan ni láti ògiri kan dé èkejì. Omi máa ń pa agbára Bluetooth àti GPS (èyí tó ń fi satẹ́láìtì mọ ibi tí a wà), nítorí náà inú gọ́gùlù fúnra rẹ̀ ni ìṣirò ti ń wáyé, fóònù lè wà nínú báàgì, kódà ẹ lè fi í sílé.

Kí ni èrè rẹ̀? Ẹni tó ń sáré lójú títì lè wo aago ọwọ́ rẹ̀ láìdúró. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó di ìgbà tó bá dé ògiri, tó gbé orí sókè, tó sì mú ìdánrawò rẹ̀ já lágbede méjì. Àwọn púùlù wa kì í sì í ní aago ńlá lára ògiri. Ìyára tí ẹ ń rí nígbà tí ojú yín ṣì wà nínú omi ni owó yẹn wà fún. Èyí tó kù, àlékún ni.

Bí ẹ kò bá tíì lè lọ mítà 200 lẹ́ẹ̀kan láìdúró, ẹ má rà á o. Ẹ fi owó náà san kóòṣì fún oṣù díẹ̀, nítorí pé síkírínì kò lè bá yín tún mímí ṣe. Ẹni tó ti kọjá ibẹ̀, kó wádìí ohun méjì kó tó sanwó. Àkọ́kọ́, ṣé ó gba gígùn púùlù tí a fọwọ́ ara wa kọ, tàbí mítà 25 àti 50 nìkan ló mọ̀? Ó tún ní iye tí púùlù lè kúrú mọ, ẹ wò ó nínú àlàyé wọn. Èkejì, èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló ń béèrè owó oṣooṣù? Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ so ó mọ́ fóònù tiyín lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì rí i pé wáyà ìṣájì rẹ̀ wà ńbẹ̀. Wáyà yẹn yàtọ̀ sí ti fóònù, ẹ kò lè rìn wọ ìsọ̀ kan kí ẹ rí i rà.

Wíwọn púùlù

Ẹ wá téèpù bíríkìlà tó gùn tó mítà 30. Téèpù télọ̀ kò dáa fún èyí. Ó kúrú, ìgbàkigbà tí ẹ bá gbé e síwájú ni àṣìṣe díẹ̀ ń wọlé, díẹ̀díẹ̀ á sì di púpọ̀. Bí kò bá sí téèpù gígùn, ẹ lo okùn tí kì í nà. Ẹ ta á láti ògiri dé ògiri, ẹ dá àmì sí i, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ láti wọ̀n ọ́n.

Ẹ pe ẹnìkan dání, kí ó di orí kan mú. Ibi tí omi ti kan ògiri ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti etí táìlì òkè tó yọ síta. Bí púùlù náà bá rí bí akèrègbè, ẹ yan ojú ìlà kan ṣoṣo tó ní ògiri tó dúró ṣánṣán ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí ẹsẹ̀ yín lè fi tara. Ẹ má yan ibi tí àtẹ̀gùn wà, torí ẹ kò ní rí ohun tí ẹ máa fẹsẹ̀ tì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bàtà kan sí etí púùlù ní ìhà ibí, ìkejì ní ìhà ọ̀hún, kó máa jẹ́ àmì yín. Bí ẹ bá ń lọ wọ́gọwọ̀gọ kúrò lójú ìlà yẹn, iye tí ẹ wọ̀n kò wúlò mọ́.

Iye tí téèpù bá sọ ni kí ẹ kọ sínú áàpù gọ́gùlù náà lórí fóònù yín. Bó bá jẹ́ 18.3, tí áàpù kò sì gba ìdá, ẹ kọ 18. Ní púùlù mi, mítà 2,000 tòótọ́ ń béèrè àlọ 112, tí í ṣe mítà 2,016. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ 112, apá mi kò gbé ìkòkò ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ parí iṣẹ́ ilé nílé

Bí iná bá wà, ẹ ṣájì rẹ̀ kó kún, kí ẹ so ó mọ́ fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kó gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́. Ó lè pẹ́, ó sì ń jẹ dátà, nítorí náà ẹ má fi sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá dé etí púùlù. Páwà báńkì lè ṣájì rẹ̀ bí iná bá lọ. Bí ẹ bá ní ètò ìdánrawò tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé, ẹ fi ránṣẹ́ sínú gọ́gùlù látilé.

Ẹ yan ojú tí síkírínì máa wà, bí tiyín bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe ọwọ́ yín bí òrùka, ẹ fi ojú méjèèjì wo nǹkan jíjìn kan láàárín rẹ̀, kí ẹ wá máa di ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú tí nǹkan náà kò fi kúrò láàárín òrùka ni ojú tó lágbára jù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀tún nìkan ni ẹ máa ń yí sí láti mí, ojú òsì ló ń pẹ́ jù nínú omi, mo sì fara mọ́ ọn pé kí síkírínì wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó fa okùn rẹ̀, ẹ tẹ gọ́gùlù náà mọ́ ojú láìfi okùn kọ́ orí. Bó bá lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó já bọ́, ó bá ojú yín mu. Bó bá ń já bọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ afárá imú rẹ̀, ó máa ń ní oríṣiríṣi nínú páálí. Fífún okùn pinpin kì í dá omi dúró, ẹ̀fọ́rí ló ń fà. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ sì máa tẹ àwọn bọ́tìnì rẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ wọ́n láìwò. Inú omi kọ́ la ti ń kọ́ ìyẹn.

Àwọn ìyá àti àbúrò wa obìnrin tó ń wọ híjáàbù ìlúwẹ̀ẹ́, orí aṣọ náà ni kí okùn gọ́gùlù gbà, kí etí aṣọ má sì wọ abẹ́ rọ́bà tó yí ojú ká. Aṣọ tín-ín-rín kan tó bá há síbẹ̀, omi á wọlé, bí èyí tó ń ka lílù ọkàn bá sì ni, kò ní rí ẹ̀bátí kà.

Ọ̀rọ̀ òrí

Ní ìgbà ọyẹ́, kò sẹ́ni tí kì í fi òrí pa ara ní ilẹ̀ Kwara. Ẹ fi pa ẹsẹ̀, ẹ fi pa apá, ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ fọ ojú àti ẹ̀bátí dáadáa kí ẹ tó wọ gọ́gùlù. Òrí máa ń jẹ́ kí rọ́bà yọ̀, kí omi sì wọlé. Ìmọ́lẹ̀ kékeré ni ojú tó ń ka lílù ọkàn ń tàn sára láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ, òrí tó bo ojú rẹ̀ á dí i lọ́wọ́. Èyí tó burú jù ni pé òrí tó bá kan inú dígí á ba oògùn tí wọ́n fi pa á kí ó má baà ṣú jẹ́. Ìka ọwọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun nu inú dígí láé, ì báà ṣe aṣọ tó mọ́ tónítóní. Ẹ kàn ri í sínú omi díẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, omi ló ń jí oògùn yẹn dìde.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, kíkà nìkan

Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sí etí púùlù. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ àlọ 20, ẹ máa ti òkúta kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì nígbàkigbà tí ẹ bá lọ tí ẹ sì bọ̀. Bí òkúta bá tán, ẹ wo ohun tí gọ́gùlù kà. Bó bá jẹ́ 20, ó ti mọ̀ yín. Bó bá dín, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa dúró rìn lẹ́sẹ̀ ògiri, tàbí kí ẹ máa yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfi ẹsẹ̀ ti ògiri. Kì í ṣe dandan kí ẹ lè ta tàkìtì bí àwọn tí a ń rí ní Òlíńpíìkì. Ẹ fọwọ́ kan ògiri, ẹ yí, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í gidi, kí ẹ sì nà gbọọrọ fún ìwọ̀n mítà mẹ́ta kí ẹ tó ju ọwọ́. Bó bá pọ̀ jù, a jẹ́ pé ẹ ń dúró láàárín púùlù tàbí ẹ ń yẹra fún àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níbẹ̀. Ẹ lọ bá olùṣọ́ púùlù, kí ẹ bi í ní pẹ̀lẹ́tù nípa wákàtí tí èrò kì í sí.

Bí ẹ bá di pátákó mú tí ẹ ń ta ẹsẹ̀ nìkan, orí yín wà lókè omi, ẹ̀rọ kò lè mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ dá a dúró, tàbí kí ẹ lo ipò tó yà sọ́tọ̀ fún irú eré bẹ́ẹ̀ bí tiyín bá ní i.

Ìdánwò tó máa fún yín ní nọ́ńbà yín

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tèmi, àwọn kóòṣì ìlúwẹ̀ẹ́ káàkiri ayé ló ń lò ó. Ẹ mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ lọ mítà 400 pẹ̀lú gbogbo agbára tí ẹ lè gbé dé òpin. Ẹ sinmi títí mímí yín á fi balẹ̀, bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ tún lọ mítà 200. Ẹ yọ àkókò 200 kúrò nínú ti 400, kí ẹ sì pín in sí méjì. Ohun tó kù ni ìyára tí ara yín lè gbé fún ìgbà pípẹ́, fún mítà 100.

Púùlù mítà 18 kò lè fún yín ní 400 gééré. Àlọ 22 jẹ́ mítà 396, àlọ 11 sì jẹ́ 198, ìdajì rẹ̀ pátápátá. Ká ní ẹ fi ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 30 lọ 396, ẹ sì fi ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 33 lọ 198. Àáyá 570 dín 273 jẹ́ 297. Ẹ pín in sí mítà 198, tó jẹ́ ìyàtọ̀ 396 àti 198, ẹ ó rí àáyá kan àbọ̀ fún mítà kan. Ó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 30 ni mítà 100 yín. Àlọ kan nínú púùlù yín gbọ́dọ̀ gbà yín ní àáyá 27.

Ẹ kọ nọ́ńbà tiyín (27 ni nínú àpẹẹrẹ yìí) síbi tí ẹ ó ti máa rí i. Òun ni ọ̀gá yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ

Ọjọ́ mẹ́ta tó. Èmi ń lọ ní Túsídè, Tọ́sídè àti Sátidé.

Túsídè ni ọjọ́ ìyára. Àlọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ìsinmi àáyá 20, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ ṣètò síkírínì kó máa fi àkókò àlọ kọ̀ọ̀kan hàn yín nígbà tí ẹ bá ti yí padà. Ohun tí ẹ máa rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á yà yín lẹ́nu: 22, 25, 28, 30, 32, 33. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀. A sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé nínú àlọ kìíní, a wá ń wọ́ ara wa bọ̀. Iṣẹ́ yín ni pé kí àlọ kìíní jẹ́ 27, kí ìkẹfà náà jẹ́ 27. Àlọ kìíní á rọrùn débi pé ẹ ó rò pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò, àmọ́ ẹ mú un mọ́ra. Nínú àlọ ìkarùn-ún ni ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè lọ mẹ́fà tí kò fi ju àáyá kan síra. Lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ, torí pé mi ò sáré ju tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò rẹ̀ mí tó ti tẹ́lẹ̀.

Tọ́sídè ni ọjọ́ ọwọ́. Ẹ yí síkírínì sí iye ìgbà tí ẹ ń fọwọ́ fa omi nínú àlọ kan. Bó bá jẹ́ 20, ẹ gbìyànjú 18 láìjẹ́ kí àkókò kọjá 27. Ẹ na apá jìnnà síwájú, ẹ jẹ́ kí ìbàdí yí pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má sì gbé orí. Gọ́gùlù lè pa àkókò àti iye ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń pe ìyẹn ní SWOLF: 27 pẹ̀lú 18 jẹ́ 45. Bó ṣe ń kéré sí i ló ń dára sí i, àmọ́ púùlù kan náà nìkan ni kí ẹ ti máa fi wéra. Ọ̀rẹ́ yín tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú mítà 25, nọ́ńbà tirẹ̀ kò kàn yín.

Sátidé, ẹ lọ jìnnà. Ẹ fi àáyá méjì tàbí mẹ́ta kún àkókò àlọ yín, kí ẹ sì máa lọ láìdúró fún ìdajì wákàtí. Bí tiyín bá ń ka lílù ọkàn, ọjọ́ yìí ló wúlò jù: bó bá ń gòkè ṣáá nígbà tí ìyára kò yí padà, ara ti ń rẹ̀ yín, ẹ dẹwọ́. Mi ò gbára lé e ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lóṣù Rámádáánì, mo máa ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìrun àṣámù, kí omi má baà bọ́ sí mi lọ́fun nígbà tí mo wà nínú ààwẹ̀. Nọ́ńbà síkírínì máa ń hàn dáadáa lálẹ́, ó hàn ju ti ọ̀sán gangan lọ nígbà tí oòrùn bá ń ta sínú omi. Ṣùgbọ́n púùlù tí iná rẹ̀ kò tó láti rí ìsàlẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ohun tí n kò ní gbójú fò

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ ní ẹ̀yin nìkan. Nọ́ńbà tó wà lójú yín lè gba ọkàn yín débi tí ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹnìkan tó mọ omi gbọ́dọ̀ wà létí púùlù. Ẹ má di mímí mú láti fi wá nọ́ńbà tó dára. Àwọn òmùwẹ̀ gidi ti dákú sínú omi tí kò jìn bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òjò, bí àrá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán ní ọ̀nà jíjìn, ẹ jáde, ì báà ku àlọ kan.

Òmíràn nínú àwọn gọ́gùlù wọ̀nyí ní ipò tí ẹ lè lò lójú omi gbalasa, tí aago ọwọ́ onísatẹ́láìtì á máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi odò Àsà, odò Ọ̀yun tàbí èyíkéyìí nínú àwọn dáàmù wa dán an wò. Kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń gbé lára ìgbín inú omi tí kì í sáré, ó sì ń gba ara wọlé láìsí egbò kankan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá jáde

Ẹ tú ọ̀rá omi kan sórí gọ́gùlù náà, tinú tẹ̀yìn, kí kíláríìnì, oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi púùlù, kúrò. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sínú ibòji kó gbẹ fúnra rẹ̀. Inú mọ́tò tí a gbé sínú oòrùn Ìlọrin lóṣù Mẹ́ta, ààrò ni. Kò sí bátìrì tó fẹ́ irú rẹ̀. Ojú ibi tí wáyà ti ń kàn án gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí ẹ tó ṣájì.

Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí áàpù, àkọsílẹ̀ á wọlé. Ó lè fi í ránṣẹ́ sí Strava náà, áàpù tí àwọn eléré ìdárayá fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Ẹ má wo gbogbo àwòrán inú rẹ̀ o, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní ṣe yín lóore. Ẹ wo àlọ tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù nínú ìdánrawò ọjọ́ Túsídè, kí ẹ kọ ìyàtọ̀ wọn sínú ìwé. Nínú ọ̀sẹ̀ kìíní, tèmi jẹ́ àáyá 11.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ tún ìdánwò 396 àti 198 ṣe, ní púùlù kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ẹ má sì jẹ àmàlà kó tó wákàtí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà tuntun tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi rọ́pò 27. Bí ẹ bá sì rin ìrìn-àjò lọ lo púùlù mìíràn láàárín àkókò yìí, ẹ mú téèpù dání, kí ẹ sì yí gígùn padà nínú áàpù kí ẹ tó wọ omi. Gọ́gùlù náà lè má béèrè.